Fáàfù Tí Iná Bù Jẹ

Ṣọ́ọ̀bù wa lábẹ́ afárá reluwé, Peckham.
Àlàrùbá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àṣàkẹ́ mi, onímú ńlá bíi ti bàbá rẹ̀,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí o bá rí bí ìwé yìí ṣe gùn tó. Kò sẹ́ni tó kú. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì tún le ju ara rẹ̀ lọ. Orúnkún tèmi ń dún bíi tápẹ́ẹ̀tì tí epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi lọ sí mọ́sálásí, ó sì ń gbé mi padà. Mo mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ: "Lẹ́tà kẹ̀? Ṣé fóònù Daddy bàjẹ́ ni?" Fóònù mi ò bàjẹ́. Bí a bá jọ wà lórí fóònù, ẹ̀fẹ̀ ni mo máa ń ṣe, ìwọ náà á máa rẹ́rìn-ín, kí n tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, o ti ní "Later, Daddy", o ti gbé e sílẹ̀. Nínú ìwé, o ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. O mọ̀ pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró. Bí o bá rí àṣìkọ, má ṣe fi bírò pupa sí i.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà ọ́ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú mọ́tò eré ìje, gbogbo Peckham ló ti gbọ́. Mo sọ fún lèmọ́mù. Mo sọ fún ọkùnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Deptford, ẹni tí kò bi mí ní nǹkan kan ju pé ṣé kí òun gé orí ẹja kúrò. Mo ní, "Má gé e. Ọmọ mi obìnrin ló ń to ẹ́ńjìnnì mọ́tò eré báyìí." Ó wo ojú mi, ó wo ojú ẹja. Mo sọ fún dókítà ojú mi ní Surrey Quays. Ó ní kí n ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri, mo ní ṣé ó mọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe níbi iṣẹ́? Ó ní ojú mi dára, ó ní kí n máa lọ.

Ìyá rẹ ní kí n sinmi, pé àwọn èèyàn ti ń sá fún mi lójú ọ̀nà. Òun tó ń sọ bẹ́ẹ̀, fọ́tò rẹ nínú aṣọ iṣẹ́ tó kún fún epo dúdú ló wà lójú fóònù rẹ̀. Ó ní òun fi síbẹ̀ kí òun lè máa wò ó bóyá o ti ń sanra ni. Irọ́ ló ń pa. Ó fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan láàárín òru, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe di sípánà mú."

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè tó kọjá ni mo ń bọ̀ wá sọ.

O pè, o ní mọ́tò àtijọ́ tí ẹ ń tọ́jú yẹn máa sáré ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, àti pé ìwọ ni ọ̀gá yín, Mista Kọ́lìn, gbé gbogbo fáàfù rẹ̀ lé lọ́wọ́. Mo hó yèè títí aládùúgbò fi gbá ògiri. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀. O ní:

"Daddy, tí àlàfo fáàfù kan bá dín kù, tí mo tún un ṣe, tó wá tún dín kù, kí lẹ máa ṣe?"

Mo ní, "Màá gbé e fún ìyá rẹ. Kò sí ohun tó pa ẹnu dé tí kì í la ẹnu rẹ̀ bó bá ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ."

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Allow it, Daddy. Ẹ fi í sílẹ̀. Kò burú. Mista Kọ́lìn ní ó ṣì wà nínú ìwọ̀n, ká tún un ṣe ká máa lọ." O sì gbé e sílẹ̀.

Mo jókòó, tíì mi tutù síwájú mi. Mo sọ fún ara mi pé, Mùfú, ọmọ yìí bi ọ́ ní ìbéèrè gidi, ẹ̀fẹ̀ lo fi dá a lóhùn. Ìyá rẹ ní, "Kí ló ṣe yín?" Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní, "Tí kò bá sí nǹkan, ẹ má mí gúlegúle bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù mi." Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ìdáhùn rẹ wà níwájú, ṣùgbọ́n o ò ní dé ibẹ̀ kí o tó gbọ́ tẹnu mi.

Jàmíù àbúrò rẹ ló máa gbé lẹ́tà yìí wá lọ́la, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì. Mo mọ̀ pé ó máa kà á, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé òun náà. Jàmíù, fáàfù ni ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn kan ń tú èéfín gbígbóná jáde. Irin kan tí à ń pè ní rọ́kà ló ń tì í ṣí, sípíríǹgì ló ń fà á padà kó lè pa dé. Láàárín rọ́kà àti ìdí fáàfù, níbi sukúrù àti nọ́ọ̀tì tí à ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì, àlàfo tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé irin máa ń wú bó bá gbóná. Bí àlàfo yẹn ò bá sí, ilẹ̀kùn ò ní pa dé tán, iná á sì máa gba etí rẹ̀ jáde títí tó fi máa jó o. Ó tó ọ báyìí. Ká ìwé náà, kí o máa wo iwájú.

Àṣàkẹ́, o mọ ìtàn Alhaji oníplánkì. Ìyá rẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo àlejò tó ti mu omi nílé wa, kò sí bí mo ṣe lè fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó pani lẹ́rìn-ín nìkan ló máa ń sọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Mushin, oníbàárà ò mọ ẹ́ńjìnnì, ariwo nìkan ló mọ̀. Bí mọ́tò bá ń ṣe ta-ta-ta nígbà tó ń lọ, kò ní tíì dé ìkóríta tó fi máa padà: "Mẹkáníìkì, kí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Èmi náà bá gbọ́n. Mo ń fún tápẹ́ẹ̀tì wọn pa títí wọ́n á fi dákẹ́. Mi ò dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, oníbàárà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń mu omi mi, ó ń pòṣé. Géèjì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo wà nínú àpótí mi, ṣùgbọ́n etí páálí sìgá ni mò ń lò, nítorí pé ó yá mi lọ́wọ́ jù. Òkìkí mi kàn. Wọ́n sọ mí ní Mùfú Dákẹ́. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó fún mi, pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

Alhaji fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó kan ní Abẹ́òkúta. Ó wọ funfun láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n bá òun pa ẹnu mọ́tò náà mọ́, òun ò fẹ́ kí àwọn àna òun gbọ́ ariwo. Mo ṣe é. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ní, "Mùfú, ṣé ó ti tàn ni? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó ti tàn, Alhaji."

Ó ṣàdúrà fún mi títí.

Wọ́n dé ibi òkè tó wà lọ́nà Abẹ́òkúta, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára tán nínú rẹ̀. Alhaji bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì í. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà àna, funfun ti di dúdú, fìlà ti wà ní abíyá. Ìyàwó ojú ọ̀nà yọjú ní fèrèsé, ó ní, "Ta ló ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì?" Ibi tí ìyá rẹ máa ń dé nìyẹn, tí gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sì fẹ́ Alhaji ṣá. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé arúgbó ni, ṣùgbọ́n ẹni tó lè ti mọ́tò gòkè ṣì ní nǹkan lára. Ohun tí kò jẹ́ kí Alhaji dá sẹ̀ríà fún mi nìyẹn.

Ohun tí ìyá rẹ kì í sọ rèé. Alhaji wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì náà níbòmíràn. Ó gbé fáàfù kan kalẹ̀ síwájú mi, èyí tó ń tú èéfín jáde. Etí rẹ̀ kan ti lọ, bí ìgbà tí ẹnìkan gé búrẹ́dì jẹ. Ó ní, "Mùfú, ohun tó dákẹ́ rèé." Ó yí padà, ó lọ. Ó wù mí kó bú mi. Mo yọ pátákó náà kúrò lọ́jọ́ yẹn.

Fáàfù yẹn ni mo fi wáyà so kọ́ sókè tábìlì iṣẹ́ wa lábẹ́ afárá. O kéré nígbà tí o kọ́kọ́ rí i. O pè é ní olú. O ní, "Daddy, ta ló bù ú jẹ?" Mo ní ìyá rẹ ni, lọ́jọ́ tí oúnjẹ pẹ́. O lọ bi í. Ṣé o rántí ohun tó fi gbá mi létí? Ṣíbí ọbẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi bẹ̀rẹ̀ níbí. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ó máa pòṣé sí ọ lọ́rùn. Ẹ́ńjìnnì yín, bó bá jẹ́ pé tútù ni wọ́n ní kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kó tutù pátápátá ni, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fi ọwọ́ rẹ yí i, ibi tó ń yí sí gan-an ni kí o yí i sí, títí fáàfù méjèèjì, èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ àti èyí tó ń tú èéfín, á fi pa dé, kí o tó fi géèjì bọ̀ ọ́. Kí géèjì náà má há, kó má sì máa rìn gbẹ̀fẹ́. Bí ẹni ń fa ẹ̀wù tí ọmọ sùn lé ni kó ṣe ní ọwọ́ rẹ.

Má ta páálí ẹyin tí a fi ń to rọ́kà nù o. Mo mọ̀ pé àpótí oníwúrà ló wà níbi iṣẹ́ yín, tí gbogbo nǹkan ní ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n páálí ẹyin ìyá rẹ la fi kọ́ ọ pé rọ́kà tó bá jáde lójú ihò kan, ojú ihò yẹn náà ló gbọ́dọ̀ padà sí, nítorí pé wọ́n ti jọ jẹra wọn mọ́ra. Ìgbà tí o dá méjì lára wọn pọ̀, tí mo ní kí o tú gbogbo ẹ́ńjìnnì padà, tí o ń sunkún tí o ń tú u, mo lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ń rẹ́rìn-ín. Má bínú. Ojú rẹ ló kún fún gíríìsì, tí omi ojú wá la ọ̀nà méjì síbẹ̀.

Ti sípíríǹgì náà, má fojú wò ó kí o ní ó dára. Ẹ́ńjìnnì eré máa ń lù ú ju ti mọ́tò ọjà lọ, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ láìṣẹ́. Gbé e sí ẹ̀rọ tí ń wọn agbára rẹ̀. Bó bá ti dẹ̀, sọ ọ́ nù. Má gbé e sápá kan pé ó ṣeé lò lọ́jọ́ mìíràn. Ìwà ìyá rẹ nìyẹn, inú gáréèjì wa ṣì kún fún ìkòkò tí kò ní ìdí.

Ní ti ariwo, bí tápẹ́ẹ̀tì bá ń dún díẹ̀ ní òwúrọ̀, má gbọ̀n. Lọ wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n má gbọ̀n. Èyí tó ti máa ń dún tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án, òun ni kí o sáré lọ bá.

Ó kù èyí tó ká mi lára jù. Ṣé o rántí ìyá agbẹ̀bí tó ń gbé ní Brockley, tó fẹ́ tètè gba mọ́tò rẹ̀ kó lè lọ sí ṣíìfù iṣẹ́ rẹ̀? Aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ, o ti ki táì bọ àpò. Mo ti tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe tán, mo ti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo ní kí o dé ọmọrí ẹ́ńjìnnì. Ìwọ ò dé e. O tún ki géèjì bọ̀ ọ́.

O ní, "Daddy, ó ti yí."

"Kí ló yí?"

"Nígbà tí ẹ fún nọ́ọ̀tì yẹn, sukúrù ẹ̀ bá a yí. Géèjì ò wọlé mọ́."

"Reluwé orí wa ló mì ọ́ lọ́wọ́."

"Reluwé ti kọjá."

Inú bí mi. Oníbàárà ń wò wá. Mo ní, "Ta ni ọ̀gá níbí?"

O gbójú sókè, o gbé géèjì dání bí abẹ. O ní, "Ẹ̀yin ni ọ̀gá, Daddy. Ṣùgbọ́n ó ti yí."

Ìyá agbẹ̀bí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án wò, kí n lè lọ gbẹ̀bí." Mo fọwọ́ kàn án. Ó ti yí. Mo pòṣé, mo tún un ṣe, mo ní kí o lọ fọwọ́, pé ọwọ́ rẹ dọ̀tí. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ra ṣíìpì ọ̀dùnkún fún ọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ata tó pọ̀? Ní mọ́sálásí nírọ̀lẹ́, mo sọ fún gbogbo ẹni tó ń wọ bàtà. Mo ní, "Ọmọ mi bá mi wí lónìí, ó sì tọ̀nà." Ìyá rẹ ní ọjọ́ yẹn gan-an ni òun mọ̀ pé o máa jù mí lọ. Mo ní ṣe ni kó dákẹ́. Èmi náà ti mọ̀.

Ìdáhùn rẹ wá rèé, kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú, ibi gbogbo ló lè yí sí. Èyí tí o fún dáadáa, tí o wọ̀n lẹ́yìn tí o fún un, mo sì mọ̀ pé o wọ̀n ọ́n, tí àlàfo rẹ̀ dín kù lẹ́yìn tí mọ́tò sáré díẹ̀, tí o tún un ṣe, tó tún dín kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípánà mọ́. Bóyá ọrùn fáàfù náà ń nà ni, bóyá ibi tó ń jókòó lé ló ń rì. Bí o bá ń tún un ṣe, ara rẹ nìkan lò ń tàn jẹ. Mista Kọ́lìn ní ó ṣì wà nínú ìwọ̀n. Òótọ́ ni. Ibi tó wà lónìí ni ìwọ̀n yẹn sọ, kò sọ ibi tó ń lọ. Bí orí fáàfù bá já nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké lójú eré, orí písítìnì tó ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀ ló máa bọ́ sí, gbogbo rẹ̀ á fọ́, epo á dà sábẹ́ táyà, mọ́tò á yọ̀. O ní Kéètì ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń wà á, pé òun ló máa ń po tíì fún gbogbo yín. Ìyá tirẹ̀ náà á wà lẹ́bàá wáyà tó yí pápá eré ká ní Sọ́ńdè.

Ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà. Bí àyè ò bá sí láti ṣí i kí o sì dá a padà bó ti yẹ, mọ́tò yẹn ò gbọdọ̀ sáré.

Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Wọ́n ṣì ń dán ọ wò níbẹ̀. Ìwọ nìkan lobìnrin láàárín wọn, ìwọ nìkan lo dúdú. Bí o bá ṣí i tí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n á ní ọmọ Peckham yìí bẹ̀rù, ó ba eré wa jẹ́. Wọ́n lè sọ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ lè ní kí o máa lọ sílé. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé wọn ò lè ṣe é.

Mista Kọ́lìn kì í ṣe èèyàn burúkú. Eré ló ń wò, bí èmi ṣe ń wo ẹnu Alhaji. Nítorí náà má bá a jà. Má sì sọ fún un pé bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ mí, ó ṣì máa mọ̀ mí. Gbé géèjì lé e lọ́wọ́, kí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ ìyá agbẹ̀bí. Sọ ọ́ ní èdè tiwọn, ṣùgbọ́n apá méjèèjì ni kí o sọ: òun ni ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó ti yí. Bí o bá sọ ti àkọ́kọ́ nìkan, ẹrú lo jẹ́ fún un. Bí o bá sọ ti ìkejì nìkan, á ní o yájú. Sọ méjèèjì, kí o sì gbójú sókè bí o ti ṣe sí mi.

Mo fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ nínú ìwé ìròyìn, lábẹ́ kúlà. Fáàfù Alhaji ni. Mo tú u kúrò lára wáyà ní òwúrọ̀ yìí, ibi tó wà ti di funfun lára ògiri. Gbé e sórí tábìlì Mista Kọ́lìn, má sọ nǹkan kan. Bó bá bèèrè ẹni tó bù ú jẹ, dá a lóhùn. Má wá géèjì mi nínú ẹrù náà o. Mo ṣì ń lò ó, mi ò tíì kú.

Mò ń bọ̀ ní Sọ́ńdè, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Èmi àti ìyá rẹ ni. Fìlà gíga ni màá dé, èyí tí o ní kí n má dé mọ́ níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wà. Bí mọ́tò náà bá sáré pẹ̀lú fáàfù tuntun, màá pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Bí kò bá sáré, tó jókòó sí gáréèjì tí orí rẹ̀ wà lórí tábìlì, nítorí pé Àṣàkẹ́ ọmọ Mùfú ló ní kó má sáré, màá dúró ti mọ́tò náà, màá pàtẹ́wọ́ fún ohun tó dúró sójú kan títí gbogbo wọn á fi yíjú padà wò mí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni bàbá arúgbó yìí, má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Ìyá rẹ ní kí o jẹ ìrẹsì náà nígbà tó ṣì gbóná. Ọlọ́run á ṣọ́ ọwọ́ rẹ, á ṣọ́ ẹnu rẹ, á sì ṣọ́ ọmọ tó máa jókòó sínú mọ́tò tí o bá fọwọ́ kàn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùfú, tí kì í dákẹ́ mọ́.